Bí A Ṣe Lè Mọ Ojú Tí Àgbàlagbà Fi Ń Wo Ìlera Rẹ̀, àti Bí Ayé Ṣe Tẹ́ Ẹ Lọ́rùn Tó

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá méjì tí wọ́n jọ ń tajà ní Ọjà Ọba, tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tí nọ́ọ̀sì sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan náà tí iye tó jáde kò yàtọ̀. Ọ̀kan ní ara òun le koko, ó sì ń palẹ̀ mọ́ fún ìgbéyàwó ọmọ ọmọ rẹ̀. Èkejì ní òun kì í ṣe ènìyàn mọ́, ayé ti sú òun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni ayé tẹ́ lọ́rùn kò lè rí i kà nínú ìwé tí nọ́ọ̀sì kọ, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ nípa ara rẹ̀ yóò mú un sún mọ́ ìdáhùn. Ohun tí àwọn olùwádìí kan rí nìyẹn. Ní ọdún 1984, Morris Okun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ní Amẹ́ríkà jọ, wọ́n sì rí i pé ìlera àti ìtẹ́lọ́rùn jọ ń rìn, àti pé ìsopọ̀ wọn máa ń lágbára jù nígbà tí a bá lo ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ sọ nípa ìlera rẹ̀ dípò èsì àyẹ̀wò nìkan.

Ẹni tó ń tọ́jú òbí tàbí àgbàlagbà mìíràn nílé ní Ìbàdàn ni mo kọ ìlànà yìí fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò náà lè lò ó. Kò gba ipò dókítà. Ohun tó lè ṣe fún yín ni pé yóò jẹ́ kí ẹ rí ibi tí àìlera ti kan ìgbé ayé àgbàlagbà yín gan-an, kí owó àti làálàá yín lè lọ síbẹ̀. Ìwé kékeré kan, bírò, àti wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni kò ní dí yín lọ́wọ́ ti tó.

Ìbéèrè méjì tí ohun gbogbo dúró lé

Ìbéèrè lórí ìlera rọrùn: “Tí ẹ bá wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, báwo ni ìlera yín ṣe rí: ó dára jù lọ, ó dára gan-an, ó dára, ó mọ níwọ̀n, tàbí kò dára?” Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1982, Jana Mossey àti Evelyn Shapiro gbé ìwádìí kan jáde láti ìpínlẹ̀ Manitoba ní Kánádà, èyí tó fi hàn pé láàárín àwọn ẹni ọdún 65 sókè, ewu ikú àwọn tó ní ìlera àwọn kò dára sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tó ní ìlera àwọn dára jù lọ, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti ka àìsàn tí dókítà mọ̀ sí. Nígbà tó di ọdún 1997, Ellen Idler àti Yael Benyamini gbé ìwádìí 27 yẹ̀ wò láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, ohun kan náà ló sì hàn nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ó ṣeé ṣe kí àgbàlagbà ti mọ ohun kan nínú ara rẹ̀ tí ẹ̀rọ kò tíì rí.

Ìbéèrè kejì jẹ́ ti ìgbé ayé, àkàsọ̀ tí Hadley Cantril gbé jáde ní ọdún 1965 ni mo sì fara mọ́ fún un. Ẹ ya àkàsọ̀ sínú ìwé, kí ẹ kọ òǹkà 0 sí ìsàlẹ̀ pátápátá àti 10 sí òkè téńté. Ẹ sọ pé orí ìpele 10 ni ayé tó dára jù lọ tí wọ́n lè rò fún ara wọn wà, orí 0 sì ni èyí tó burú jù lọ, kí ẹ wá béèrè ibi tí wọ́n dúró sí lónìí. Ìyá tí kò kàwé kò ní ìṣòro kankan níbí, nítorí yóò kàn fi ìka tọ́ ọ. Ed Diener àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òṣùwọ̀n mìíràn láti ọdún 1985, tó ní gbólóhùn márùn-ún, tí àròpọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 5 dé 35, tí 20 sì jẹ́ àárín gbùngbùn. Ó dára púpọ̀ fún ẹni tó ń ṣe ìwádìí. Fún ilé, àkàsọ̀ tó.

Ayé ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ohun tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí ló máa ń gba ọkàn rẹ̀. Bí ẹ bá ti béèrè nípa orúnkún, nípa ojú àti nípa oorun, tí ẹ wá béèrè lẹ́yìn náà bóyá ayé tẹ́ wọn lọ́rùn, orúnkún ni yóò dá yín lóhùn. Fritz Strack, Leonard Martin àti Norbert Schwarz fi èyí hàn ní ọdún 1988 pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì: nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n nípa ọ̀rọ̀ ìfẹ́sọ́nà kí wọ́n tó bi wọ́n nípa ìdùnnú wọn nínú ayé, ìdáhùn méjèèjì so mọ́ra gidigidi, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdùnnú, ìsopọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Nítorí náà, àkàsọ̀ ni kó ṣáájú, kí ìbéèrè ìlera tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan wá gbẹ̀yìn.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́ tí ẹ yàn pẹ̀lú. Ọjọ́ tí owó ìfẹ̀yìntì wọlé kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ, nítorí ìpele kẹsàn-án ni gbogbo ènìyàn ń wà lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ìnáwó ńlá kò dára, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ìròyìn ikú ọ̀rẹ́, tàbí òwúrọ̀ ọjọ́ tí kò síná mọ́jú tí ooru kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Ọjọ́ tí kò sí ohun kan pàtó tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ lò.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ “A dúpẹ́”

Bí ọmọ bá wọlé, tó dọ̀bálẹ̀, tó ní “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, ara ńkọ́?”, “A dúpẹ́” ni yóò gbọ́. Ìkíni ló kí, ìkíni ni wọ́n fi dá a lóhùn, kò sì sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ọmọ náà yóò padà sí Bódìjà tàbí Àkóbọ̀, yóò sì sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀ pé ara Bàbá le. Ìdí tí àwọn àgbàlagbà kì í fi í tètè sọ tinú wọn ju ọ̀kan lọ. Àwọn kan gbà pé ohun tí ènìyàn bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lè wá ṣẹ mọ́ ọn lára, nítorí náà bí orí tilẹ̀ ń fọ́ wọn, ara àwọn le ni wọn yóò sọ. Àwọn mìíràn mọ̀ pé bí àwọn bá lanu, ọmọ yóò sáré lọ yá owó tí kò ní. Òmíràn sì tún wà tí kò ṣọ̀wọ́n rárá: ìyá tó ní kò sí nǹkan kan fún ọmọ tó ń bá a gbélé lè sunkún lórí fóònù fún èyí tó wà ní Kánádà. Kì í ṣe pé àìsàn rẹ̀ yí padà láàárín wákàtí kan. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ló yí padà.

Nítorí èyí, ẹ jẹ́ kí ìkíni parí, kí oúnjẹ wọlé, kí àlejò lọ, kí ẹ wá sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ béèrè: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí fún yín gan-an, kí n lè mọ ohun tí a máa ṣe. Kò sí ohun tí ẹ máa sọ tí yóò kó ìpayà bá mi.” Ó dára kí ẹ dá wà pẹ̀lú wọn, nítorí ìyá kò ní sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ gbuuru níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, bàbá kò sì ní jẹ́wọ́ níwájú àwọn ọmọ ọmọ pé òun ń bẹ̀rù láti ṣubú. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn, tàbí ọ̀rẹ́ wọn nínú ẹgbẹ́, ni ó yẹ kí ó béèrè dípò ọmọ.

Lẹ́yìn ìbéèrè méjì tí mo ti mẹ́nu bà, ohun tí wọ́n ṣe ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe bí ara ṣe rí. Ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n jáde nílé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ibi tí wọ́n rìn dé láìsinmi, iye ìgbà tí wọ́n dìde lóru, àti ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lójúkojú yàtọ̀ sí ará ilé. Kí ẹ wá parí rẹ̀ pẹ̀lú èyí: “Kí ni nǹkan tí ó wù yín láti ṣe lóṣù yìí tí ara kò jẹ́ kí ẹ ṣe?” Bí ó bá jẹ́ pé ìbéèrè kan péré ni àyè gbà yín láti béèrè nínú gbogbo ìlànà yìí, èyí ni kí ẹ mú. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Bí bàbá bá ní ẹsẹ̀ òun ń wúwo, ẹ má kọ làkúrègbé. Ẹsẹ̀ wúwo ni kí ẹ kọ, nítorí dókítà lè rí ohun mìíràn nínú rẹ̀.

Ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń fi ara wọn wé

Kò sí ẹni tó ń dá ìlera ara rẹ̀ díwọ̀n láìwo ẹlòmíràn. Bàbá ọdún 80 ní Ìdíkàn lè sọ pé ìlera òun dára gan-an nítorí pé àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ti kú tán, nígbà tí ẹni ọdún 50 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yóò ní ìlera òun kò dára, nítorí ara rẹ̀ ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn ló ń wò. Àwọn méjèèjì tọ̀nà ní ojú ara wọn. Ẹ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “Ta ni ẹ ń wò tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?”, kí ẹ sì kọ ìdáhùn náà sí ẹ̀gbẹ́ ìpele tí wọ́n yàn.

Ènìyàn a tún máa bá àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ mọ́ra. Ní ọdún 1999, Gary Albrecht àti Patrick Devlieger kọ̀wé nípa àwọn aláàbọ̀ ara tí ìnira wọn pọ̀, tí ó lé ní ìdajì wọn sì sọ pé ìgbé ayé àwọn dára tàbí pé ó dára jù lọ. Ẹni tó bá ń wò wọ́n láti ìta kò ní gbà á gbọ́. Nítorí náà, ẹ má fi àánú tí ẹ̀yin ní sí wọn yí ohun tí wọ́n sọ padà.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyẹ̀wò

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ yín kí wọ́n wọn ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n yẹ ojú àti etí wò. Bí ìfúnpá bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí tí ṣúgà bá jẹ́ 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó jẹun láàárọ̀, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i.

Bí ọ̀rọ̀ ẹnu àti àyẹ̀wò bá bára mu, iṣẹ́ yín ti rọrùn. Ẹni tó ń fa wàhálà ni ẹni tí ara rẹ̀ le ní ẹnu, tí àyẹ̀wò sì sọ ohun mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì kankan hàn, nítorí náà kì í ṣe pé ìyá náà ń ṣagídí nígbà tó ní òun kò rí ìdí tí òun yóò fi máa gbé oògùn mì lójoojúmọ́. Ìtẹ́lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé òun wà nínú ewu. Ẹ má fi ìbẹ̀rù bà á jẹ́. Ẹ so oògùn náà mọ́ ohun tó wà lókè àkàsọ̀ rẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé ìgbéyàwó ọmọ ọmọ ló ń dùn mọ́ ọn, ẹ sọ fún un pé kí ó lè jó níbẹ̀ ni oògùn náà wà fún. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbẹ́ kan ara bá rọ lójijì, tí ẹnu wọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́, ẹ pa ìwé àti bírò tì, kí ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.

Ẹni kejì ni èyí tí àyẹ̀wò rẹ̀ dára, tí ó sì ń sọ pé òun kò gbádùn. Ọ̀rọ̀ tó burú jù tí ẹ lè sọ fún un ni pé “Kò sí nǹkan tó ń ṣe yín.” Ẹ wo oorun rẹ̀, ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ti kú, ẹ wo bóyá ilé ń dá a gbé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ wo oògùn rẹ̀ náà: àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan máa ń mú kí ènìyàn tọ̀ léraléra, òmíràn máa ń fa ikọ́ gbígbẹ, dókítà sì lè yí àkókò tàbí irú oògùn náà padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra yín. Bí ìbànújẹ́ bá wà, tàbí tí ohun tó máa ń wù ú tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì, ó sì ní ìtọ́jú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìbàdàn kò fẹ́ kí aládùúgbò rí wọn ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà gbogbogbòò, òun ni yóò júwe ibi tó kù.

Ó yẹ kí n fi èyí kún un, pé àwọn kan wà tí àníyàn jẹ́ ìwà wọn láti ìgbà èwe. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò mú ìpele ìsàlẹ̀ fún ìlera, yóò mú ìpele ìsàlẹ̀ fún ayé, láìjẹ́ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tí ìpele náà jẹ́ kò ṣe pàtàkì tó bí ó ti ń lọ sókè tàbí sódò.

Ohun tí àìsàn gbà lọ́wọ́ wọn

Láti ọdún 2003 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí àwọn ẹni ọdún 65 sókè ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Lára ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé kíkópa nínú ohun tó ń lọ nínú ìdílé àti ní àdúgbò ní ipa tó lágbára lórí bí ìgbé ayé àwọn àgbàlagbà náà ṣe dára tó. Èyí ló mú mi gbà pé ọ̀nà tí àìsàn sábà máa ń gbà dé inú ìtẹ́lọ́rùn ni pé ó máa ń gba ohun kan kúrò lọ́wọ́ ènìyàn, nígbà tí ìrora fúnra rẹ̀ lè má tó nǹkan. Bí ẹ bá rí ohun tó gbà náà, ẹ lè dá a padà nígbà tí àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ wo bàbá kan ní Òkè Àdó tí kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Orúnkún ni gbogbo ilé ń tọ́jú, wọ́n ti ra òróró, wọ́n ti ra egbòogi, ṣùgbọ́n orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Bí ẹgbẹ́ bá gbà láti sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ń wá sí ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìpele rẹ̀ lè gòkè láìjẹ́ pé orúnkún náà sàn. Ìyá tó dẹ́kun lílọ sí òde ìnáwó lè máa bẹ̀rù pé ìtọ̀ yóò gbọ̀n òun níbi tí kò ti sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ bá a ṣèwádìí ibẹ̀ ṣáájú, ẹ jókòó sí ìtòsí rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà, nítorí ó ní ìtọ́jú. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé lè jẹ́ ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa, tí ó rẹ̀ láti máa ní kí wọ́n tún un sọ. Ẹni tí kò ka Bíbélì tàbí Kùránì mọ́ lè ní ojú tí iṣẹ́ abẹ kékeré yóò là. Ìlú olókè ni Ìbàdàn: àgbàlagbà tó ń gbé ní ẹ̀yìn Mápó tàbí ní Òkè Ààrẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti gùn kó tó dé títì, ibẹ̀ ni yóò sì ti wọ takisí Micra tí wọ́n ń kó ènìyàn mẹ́rin sí ẹ̀yìn. Bí ẹ bá lè san owó ijókòó iwájú fún un ní ọjọ́ ọjà tàbí ọjọ́ ìjọsìn, ẹ lè rí i pé ó ṣe é láǹfààní ju oògùn agbára tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ mú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì jẹ́ èyí tí wọ́n fúnra wọn dárúkọ. Bí àgbàlagbà kò bá kà á sí pé òun kò lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́, ẹ fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀.

Ẹ tún béèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Ẹni kan náà ni kó béèrè, ní irú àkókò kan náà, pẹ̀lú àkàsọ̀ ní ìṣáájú bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi ìpele àtijọ́ hàn wọ́n kí wọ́n tó dáhùn. Ìpele kan sókè tàbí sódò kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi. Ìpele méjì, tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀ léra tí ó ń lọ sí apá kan náà, yẹ fún àkíyèsí. Bí ìlera bá lọ sílẹ̀ tí àkàsọ̀ kò mì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ń bá a mọ́ra, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ṣì pọn dandan. Bí àkàsọ̀ ló bá lọ sílẹ̀ nígbà tí ìlera dúró síbi tó wà, ẹ wá ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé, nínú owó, tàbí láàárín wọn àti ọmọ kan, kí ẹ tó wá a sínú ara. Bí méjèèjì bá jọ já wálẹ̀, ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta mìíràn.

Ẹ mú ìwé náà dání nígbà tí ẹ bá ń lọ rí dókítà. Ní ọsibítù UCH ní Ìbàdàn, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè ti ń gba àwọn ẹni 60 ọdún sókè láti ọdún 2012. Dókítà kò ní àyè láti ka gbogbo ojú ìwé, nítorí náà ẹ kọ gbólóhùn mẹ́rin sí iwájú: ìpele àkàsọ̀ ti ìṣáájú àti ti ìsinsìnyí, ìdáhùn wọn lórí ìlera nígbà méjèèjì, ohun kan tí wọ́n ní ara kò jẹ́ kí àwọn ṣe mọ́, àti orúkọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, títí kan àgbo. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó mú ìwé náà jáde.